Àgbàdo tí ó Bu àti Oúnjẹ Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá tú àpò àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ẹ rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti bu, ẹ má ṣe gbọ́n ọn nù kí ẹ sì lọ̀ ọ́ fún ògì ọmọ. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbátan olú ni ohun tí ń mú oúnjẹ bu. Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni Aspergillus flavus, tí ń ṣe májèlé tí à ń pè ní aflatoxin. Ní ọdún 1960, májèlé yìí pa tòlótòló tí ó lé ní 100,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2004, ó pa ènìyàn 125 ní Kẹ́ńyà nípasẹ̀ àgbàdo.

Àṣẹ àjogúnbá tí à ń pè ní jíìnì ni ó ń darí ṣíṣe májèlé náà. Nǹkan bí 25 sí 30 jíìnì ni ó wà lójú kan, bí ìdì igi ìdáná. Etí okùn àjogúnbá ni ìdì náà wà, níbi tí nǹkan ti máa ń já bọ́ láti ìran dé ìran. Nítorí náà ni àwọn ìran kan kò fi lè ṣe májèlé mọ́. Ìbátan wọn, Aspergillus oryzae, ni àwọn ará Japan fi ń ṣe ọtí ìrẹsì láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwókù ìdì náà ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lóró.

Ojú lásán kò lè ya olóró kúrò lára aláìlóró. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn láti Amẹ́ríkà, ṣa irú mẹ́rin tí kò lóró láti inú oko Nàìjíríà, wọ́n sì fi wọ́n sára ọkà bàbà. Aflasafe ni orúkọ rẹ̀; ọdún 2014 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Bí àgbẹ̀ bá fọ́n ọn sóko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, aláìlóró yóò gba àyè mọ́ olóró lọ́wọ́.

Iná ìdáná kì í pa májèlé yìí tán. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọdé 480 ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí a tẹ̀ jáde ní 2002, a rí i lára 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ni kò ga tó ẹgbẹ́ wọn. Ó pọ̀ lára àwọn tí a ti já lẹ́nu ọmú ju àwọn tí ó ṣì ń mu ún lọ, nítorí náà ẹ má tètè já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Ẹ sá ọkà sórí tapólì, kì í ṣe sórí ilẹ̀. Ẹ gbé àpò sórí pákó. Kí ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ ṣa èyí tí ó bu, tí ó hunjọ tàbí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Ẹ má sì dà á fún adìyẹ. Ẹ rì í mọ́lẹ̀.