Ìjàpá Tó Ń Kọsẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wádìí Àìsàn Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá gbé dé ilé ìwé. Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà pọ̀ ní ọ̀nà Badagry ní Èkó, tí àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba sì máa ń fi owó oṣù wọn rà á nígbà náà. Díẹ̀ ṣì kù nínú ọgbà àwọn ìdílé kan ní Ìjù, ní Ọ̀tà àti ní Sàngó. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn a ní kí á pààrọ̀ kábúrétọ̀. Bí kò bá sàn, wọn a ní kọ́ìlì ni. Ní ìkẹyìn, wọn a ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Báyìí ni ogún bàbá ṣe ń di irin àlòkù lórí òṣùwọ̀n, lẹ́yìn tí owó ti lọ.

Kí á tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí àìsàn wà. Ohun tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kọ́ wa nínú yàrá àyẹ̀wò kò yí padà: ohun kan ṣoṣo ni à ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí á lè mọ èyí tó fa ìyàtọ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Sílíńdà mẹ́rin ni ó ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Atẹ́gùn ni ó sì ń tù ú, kì í ṣe omi. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan nílò epo àti atẹ́gùn tó pò pọ̀ dáadáa, iná tó ta lásìkò, àti fáàfù tó pa dé. Bí ọ̀kan bá yingin nínú sílíńdà kan, àwọn mẹ́ta yòókù ni yóò máa ru ẹrù rẹ̀. Ìkọsẹ̀ tí à ń gbọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wo rọ́bà tó ń gbé epo wá. Bí ó bá ti sán tàbí tí epo ń kán, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí òun ló ń sun Ìjàpá ráúráú. Kí ẹ̀rọ panápaná wà nítòsí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá sílíńdà tó ń ṣàìsàn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì mìíràn sí ẹnu wáyà náà, kí ẹ so ó mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí epo. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà náà. Bí ìgbọ̀n bá pọ̀ sí i, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ ti rí ọ̀lẹ náà. Ẹ pa á, ẹ dá wáyà padà, kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn.

Ẹ wá tú púlọ́ọ̀gì ọ̀lẹ náà wò. Bí ó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ara rẹ̀ le. Bí epo bẹntiróòlù bá rin ín, iná kò ta níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ́ọ̀lì, ríìnì tàbí fáàfù ti ń jẹ. Bí ó bá funfun, epo kò tó o, tàbí atẹ́gùn ń wọlé láti ibi tí kò yẹ. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì náà pààrọ̀ ti sílíńdà kejì. Bí àìsàn bá tẹ̀ lé e lọ, púlọ́ọ̀gì nìkan ni kí ẹ rà. Bí kò bá kúrò, ẹ yẹ wáyà wò, kí ẹ wo ìdérí dìsírìbútọ̀, kí ẹ sì wọn fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: àlàfo 0.15 mm ni ó yẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo díẹ̀ sàn ju èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ, nítorí fáàfù tó há jù kì í pa dé, ó sì ń jóná láìfọhùn.

Ṣùgbọ́n bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń ṣàárẹ̀, ohun tí wọ́n jọ ń pín ni kí á fura sí. Kọ́ńtáàtì tó ti jẹ wà níbẹ̀, àlàfo 0.4 mm ni tirẹ̀. Eruku ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀nà Ìdí-Ìrókò lè dí fílítà atẹ́gùn, púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Omi sì lè wà nínú epo tí a rà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ bu epo náà sínú ìgò funfun, kí ẹ jẹ́ kí ó dúró. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò rì sísàlẹ̀.

Ẹni tí kò lè ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀ kò pàdánù. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ lọ ra kábúrétọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, “Ọ̀gá, sílíńdà wo ni kò ṣiṣẹ́, báwo ni ẹ sì ṣe mọ̀?” Ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi hàn yín tayọ̀tayọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.