Ọ̀rá Màlúù Inú Sìmẹ́ńtì: Bí Afẹ́fẹ́ Ṣe Wọ Kọnkéré Ilé Ìlú Yìnyín

Kọnkéré tí wọ́n ń dà síwájú ilé ní àwọn ìlú orí òkè Colorado lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bíi Leadville àti Aspen, kì í ṣe sìmẹ́ńtì, iyanrìn, òkúta àti omi nìkan. Afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i ni. Bí wọ́n bá pín ààyè tí kọnkéré náà gbà sí ọ̀nà 100, afẹ́fẹ́ ló ni 5 sí 7 nínú rẹ̀, nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn lè rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni pé kó máa gún kọnkéré títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi jáde. Kò ṣìnà. Ihò ńláńlá tí ọ̀gá ń sọ máa ń sọ dẹ́kìn di aláìlágbára. Ihò wẹ́wẹ́ ti ìlú yìnyín kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, iṣẹ́ mìíràn ló sì ń ṣe.

Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò omi sínú fìrísà rí ti mọ iṣẹ́ náà. Bí omi bá dì, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ìgò tí kò fún un láyè á sì bú. Kọnkéré le lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fa omi mu bíi kànìnkànìn. Omi tó fà mu yẹn ló ń dì sí i nínú, tó ń wá ibi tí yóò fẹ̀ sí, tí kò rí, àfi bí ihò wẹ́wẹ́ bá wà níbẹ̀ tó fún un láyè. Ti orí òkè tún wá burú ju ti ìlú tí òtútù ti ń mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Níbi tí ilẹ̀ ti dì tí kò sì yọ́ fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ni kọnkéré jìyà. Ní òkè Colorado, oòrùn ọ̀sán máa ń yọ́ yìnyín lásìkò òtútù gan-an, omi á rin ilẹ̀ gbingbin, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, omi náà á tún dì. Ìyà kan náà á padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ìtàn oògùn ìyà yìí gba ojú títì kọjá. Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì Portland nílùú Leeds, ní England, ní 1824, David Saylor gba tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1871, George Bartholomew sì da kọnkéré sójú títì ní Bellefontaine, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1891. Nígbà tí mọ́tò wá di púpọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń já bọ́ náà da kọnkéré sí títì tiwọn. Ó dán fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí awọ ara ọmọ tí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, títí òkúta inú rẹ̀ fi yọjú síta.

Ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti rí oògùn rẹ̀, láàárín 1930 sí 1940. Títí dé ibẹ̀, kò sí ìjà. Àwọn ẹnjiníà ojú pópó ṣàkíyèsí pé ojú títì kan ń bó, òmíràn kò bó, bẹ́ẹ̀ òtútù kan náà ló ń mú àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé kọnkéré tí kò bó sórí òṣùwọ̀n, ó sì fúyẹ́ díẹ̀ ju èkejì lọ. Èyí gan-an ló dojú ọ̀rọ̀ rú, nítorí gbogbo ayé ló gbà pé kọnkéré tó wúwo ló lágbára. Kí ló mú un fúyẹ́? Ìdáhùn ibẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń fà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí di òní.

Àwọn kan sọ pé sìmẹ́ńtì Rosendale ló ni ògo náà. Nítòsí odò Hudson, ní New York, ni Rosendale wà, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta kan tí wọ́n ń sun, tí wọ́n sì ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì, kí Portland tó gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì Rosendale kì í ṣe ọmọ àná: ó wà nínú afárá Brooklyn, ó sì wà nínú ìpìlẹ̀ tí ère Òmìnira dúró lé. Nígbà tí títì Portland ń bó, wọ́n po Rosendale díẹ̀ mọ́ ọn, bíbó náà sì dínkù. Ó wá dà bí ẹni pé òkúta àtijọ́ ti gbẹ̀san lára ọmọ tuntun tó lé e kúrò lọ́jà. Àṣé ọ̀rá màlúù ni wọ́n ti ń jù sínú ọlọ nígbà tí wọ́n bá ń lọ Rosendale, kó lè tètè kúnná. Ọ̀rá yẹn ló bá sìmẹ́ńtì náà dé títì, òun ló sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń yin òkúta fún.

Àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ti màlúù rárá. Ní tiwọn, kò sẹ́ni tó ju ohunkóhun sínú ọlọ. Gírísì ló ń jò lára ọlọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan, tó ń kán sínú ohun tí wọ́n ń lọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura. Ìtàn yìí dùn ún sọ, nítorí náà ló ṣe rìn jìnnà jù: ẹ̀rọ tó ń jò ló kọ́ àwọn ẹnjiníà lọ́gbọ́n. Ẹgbẹ́ kẹta tún gbé e lọ sí Róòmù àtijọ́, wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ ti ń da ọ̀rá, wàrà àti ẹ̀jẹ̀ ẹran sínú àpòpọ̀ ìmọlé wọn kí a tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni ní New York. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ti Róòmù kọ́ ni ẹnjiníà New York rí kọ́. Títì tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò.

Ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú ì bá ti parí ìjà yìí lójú kan. Bí ó bá da omi eérú pọ̀ mọ́ àdín, tó sì gbé e kaná, ọṣẹ ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Omi sìmẹ́ńtì náà múná bí omi eérú, ẹ ò rí i bó ṣe ń jẹ bíríkìlà lọ́wọ́. Ọ̀rá tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á di ọṣẹ. Bí ẹ̀rọ bá sì ń po kọnkéré, ọṣẹ náà á máa hó, ìfófòó rẹ̀ á há sáàárín iyanrìn àti sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí kọnkéré yóò fi gan. Ìfófòó náà á lọ, ihò rẹ̀ á kù. Ní ti èyí, ọ̀rá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jù sínú ọlọ àti gírísì tó jò sínú rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀, ti ọ̀rá màlúù ló ṣe é gbà gbọ́ jù, nítorí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe èèṣì ọjọ́ kan.

Ọ̀rá kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Oje igi tí wọ́n ń pè ní Vinsol, tí ilé iṣẹ́ Hercules ń yọ lára kùkùté igi páìnì, gba ipò rẹ̀. Ní 1945, T. C. Powers, tó ń ṣèwádìí fún ẹgbẹ́ Portland Cement Association, gbé àlàyé kalẹ̀ pé omi tó ń dì máa ń ti omi tí kò tíì dì síwájú, ìtìkutì yẹn ló sì ń fọ́ kọnkéré bí omi náà kò bá rí ibi sá sí. Ní 1949 ó fi yé wọn pé bí ihò ti pọ̀ tó nìkan kọ́. Bí wọ́n ti súnmọ́ ara wọn ló ṣe kókó. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ń lò báyìí ni pé kí ọ̀nà tí omi yóò rìn kó tó kan ihò má ju nǹkan bí 0.2 mìlímítà lọ. Kò sì yẹ kí afẹ́fẹ́ náà pọ̀ jù, nítorí ìdá 1 nínú 100 tó bá wọ kọnkéré ń gba nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 agbára rẹ̀.

Wọn kì í fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí ọkọ̀ tó ń po kọnkéré bá dé iwájú ilé, ẹnìkan á bu díẹ̀ sínú ìkòkò irin kan, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, á fi ọ̀pá gún un nígbà 25, á sì fi òòlù onírọ́bà gbá ìkòkò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á dé e pinpin, á fi pọ́ǹpù fún afẹ́fẹ́ sí i, á wá wo ibi tí ọwọ́ aago orí rẹ̀ dúró sí. Bí aago bá sọ pé 3, ọkọ̀ náà lè padà síbi tó ti wá.

Òfin ilé kíkọ́ tó kárí púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló mú ọ̀rọ̀ títì yìí wọ agbolé: ìdá 5 sí 7 yẹn ló ní kó wà nínú kọnkéré àbáwọlé àti ilẹ̀ gáréèjì níbi tí òtútù bá ti le. Ìpìlẹ̀ ilé ní òfin tirẹ̀. Ní Denver, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ kọjá 36 íǹṣì, nítorí ilẹ̀ tí omi inú rẹ̀ dì máa ń wú, á sì gbé ilé sókè bí ẹni gbé ìkòkò. Wọn kì í sì í da kọnkéré lé ilẹ̀ tó ti dì. Bí ilẹ̀ náà bá yọ́, á rì. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń lọ sí ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń po ó, wọ́n á sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó bí ọmọ ọwọ́. Iná tí wọ́n ń dá sábẹ́ tápólì ńkọ́? Bí èéfín rẹ̀ kò bá rọ́nà jáde, ojú kọnkéré á di lẹ́búlẹ́bú.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ọwọ́ ènìyàn ló tún ń bà á jẹ́. Ní 1938 ni New Hampshire bẹ̀rẹ̀ sí í dán dída iyọ̀ sójú títì wò láti fi yọ́ yìnyín, àṣà náà sì ti wọ inú ọgbà ilé. Omi iyọ̀ tó ń kán lábẹ́ mọ́tò ló ń kọ́kọ́ bó ilẹ̀ gáréèjì, ibi tí táyà ń dúró sí gan-an. Àwọn bíríkìlà náà ní ẹ̀bi tiwọn: kọnkéré oníhò wẹ́wẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ irin tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, wọ́n á wá wọ́n omi sójú rẹ̀ kó lè dán. Omi ọ̀hún ló ń sọ òkè rẹ̀ di aláìlágbára.

Àwọn olówó ti wá ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń tẹ́ páìpù omi gbígbóná sínú kọnkéré iwájú ilé, kí yìnyín máa yọ́ fúnra rẹ̀. Òun náà kì í ṣe tuntun, wọ́n ti fi omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ṣe irú rẹ̀ sí títì kan ní Klamath Falls, ní Oregon, ní 1948. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé títì gbogbo ènìyàn ni ti ìgbà yẹn. Iná tó ń jẹ pọ̀ débi pé láti 2000 ni Aspen ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kọjá ìwọ̀n. Ṣọ́bìrì kì í jẹ iná.

Ọmọ Yorùbá tó bá da kọnkéré síwájú ilé rẹ̀ ní Denver tàbí Minneapolis lóṣù kẹsàn-án, kó má da iyọ̀ sí i ní ọdún òtútù àkọ́kọ́. Iyanrìn ni kó fọ́n sí i.