Bí Ẹ Bá Bá Kọ̀rónà Pàdé Lójú Ọ̀nà Ọjà



Láìpẹ́ yìí, ìyá oníṣòwò kan nínú ẹgbẹ́ wa fi fóònù pè wá. Ó ti Kútọnu ra ọjà bọ̀, ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ sì ń húkọ́ títí wọ́n fi dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé Kọ̀rónà ni àyẹ̀wò bá lára ẹni yẹn. Ìyá wa kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù ni? Owó ẹ̀yáwó ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní February 2020, ará Ítálì tí àìsàn náà kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀ ní Nàìjíríà gba Èkó wá sí Ewékorò, nítòsí Ifọ̀ níhìn-ín. Ní 9 March, wọ́n rí i lára ẹnì kan tó bá a pàdé, bẹ́ẹ̀ ara onítọ̀hún dá. Lóòótọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní May 2023 pé kì í ṣe pàjáwìrì mọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò náà ṣì wà.

Nítorí náà, ẹ má wo ti pé ara yín yá. Fún ọjọ́ 10, ẹ fi ìbòjú bo imú àti ẹnu láàárín èèyàn, kí ẹ sì jìnnà sí arúgbó, aboyún, ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ. Tó bá tó ọjọ́ karùn-ún, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ara bá ń gbóná tàbí ikọ́ dé, ẹ dúró sílé, kí wọ́n sì yẹ ibà wò pẹ̀lú, torí wọ́n jọra. Bí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹ má ṣe da kuloroquine mu. Ó ṣe àwọn kan ní jàǹbá l'Ékòó ní March 2020.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní March 2021, kò lè lé èyí tó ti wọlé jáde, nítorí ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣiṣẹ́ lára. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ eléètò ìlera nítorí ìrìn-àjò tó ń bọ̀.

A mọ̀ pé ọjọ́ ọjà kan tó bá lọ, owó ló lọ. A ní kí ìyá wa fi àbúrò rẹ̀ tí wọn kì í jọ gbé sí ṣọ́ọ̀bù, kó sì fi owó ẹ̀yáwó rán ẹnì kan. A kò bu ìtanràn ìpàdé lé e. Ẹni tó dúró sílé nítorí ọmọnìkejì, ẹgbẹ́ ló ń ṣe.

Ẹni tó bá wà láàyè ló ń ná ọjà. Ajé á wá bá wa o.