Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tó Ṣeé Yí àti Ọ̀nà Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Gbogbo irin, rọ́bà àti sípíríǹgì tí ó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀, òun ni ó sì ń pinnu bóyá ara yóò tu èrò tí ó jókòó sínú ọkọ̀, àti bóyá táyà yóò di ilẹ̀ mú nígbà tí awakọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà. Iṣẹ́ méjèèjì yìí kì í fẹ́ ohun kan náà, nítorí pé ìtura ń fẹ́ ẹsẹ̀ rírọ̀ tí yóò gba kòtò mọ́ra, nígbà tí eré sísá lórí pápá ń fẹ́ ẹsẹ̀ líle tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo lè rí méjèèjì lò ni wọ́n ṣe ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ṣeé yí, ìyẹn èyí tí a lè mú le tàbí kí a mú rọ̀, tí a sì lè gbé sókè tàbí sọ̀ sílẹ̀ lára àwọn mìíràn. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ti ń wọ Nàìjíríà fún Honda, Toyota àti BMW àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré, ṣùgbọ́n ohun tó dára ní pápá eré-ọkọ̀ ìlú òyìnbó lè ba ọkọ̀ jẹ́ ní Òkìtìpupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí ẹni tó rà á kò bá mọ ohun tí ó ń yí gan-an.

Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ni olórí ẹ̀yà ara ẹsẹ̀ náà, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ síra pátápátá. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ẹrù, òun ni ó sì ń pinnu bí ọkọ̀ ṣe ga tó nígbà tí ó bá dúró. Bí ó bá dá wà, ńṣe ni yóò máa ta ọkọ̀ sókè sódò bíi bọ́ọ̀lù lẹ́yìn kòtò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ṣọ́ọ̀kì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Páìpù irin tí ọ́ìlì kún inú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì, irin kan tí ó ní ihò tóóró lára sì ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ́ìlì náà. Bí ọ́ìlì ṣe ń fi ipá gba inú ihò wọ̀nyí kọjá ni agbára tí ó ń mi ọkọ̀ ń di ooru, ìdí sì nìyí tí ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn jíjìn lórí ọ̀nà tí kò dára. Bọ́tìnnì tí ó wà lára ṣọ́ọ̀kì tó ṣeé yí kò ṣe ju pé ó ń dín ihò náà kù tàbí kí ó mú un fẹ̀ sí i. Kò fi nǹkan kan kún agbára sípíríǹgì, nítorí náà ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wó lẹ́yìn nítorí ìdì ẹyìn tí ó kó láti oko lè yí bọ́tìnnì náà dópin, ọkọ̀ náà yóò sì wó síbẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́rọ a máa wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ nípa iye ìgbà tí ara ọkọ̀ ń lọ sókè tí ó sì ń padà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí sípíríǹgì rẹ̀. Ti ọkọ̀ ilé tó tura kì í sábà ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ lọ, ti ọkọ̀ ilé tí wọ́n sọ di ọkọ̀ eré a máa tó ẹ̀ẹ̀mejì, ti ọkọ̀ eré gidi tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ sì lè kọjá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kí ọkọ̀ kan náà tó lè kúrò ní ẹ̀ẹ̀kan bọ́ sí ẹ̀ẹ̀mejì, sípíríǹgì rẹ̀ gbọ́dọ̀ le ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí bọ́tìnnì ṣọ́ọ̀kì kan tó lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n á ra sípíríǹgì pápá eré tán, wọ́n á wá máa tú ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ kí ìtura lè padà. Ìtura kì í padà. Sípíríǹgì líle tí ṣọ́ọ̀kì kò kó níjàánu yóò máa jó kiri ojú ọ̀nà ni, ọkọ̀ náà kò ní tura, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ṣeé sá eré. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí ó fi yan sípíríǹgì, kí ó sì fi èyí tó bá kù sílẹ̀ fún bọ́tìnnì.

Ní Brands Hatch, pápá eré-ọkọ̀ tó wà ní Kent, tí kò jìnnà sí apá gúúsù ìlà-oòrùn London níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, ojú ọ̀dà náà kò ní kòtò, sípíríǹgì líle sì ní ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ láti Orè wá sí Òkìtìpupa títí dé Igbókọ̀dá, níbi tí òjò líle ti ń fọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà lọ, tí kòtò tí omi bò mọ́lẹ̀ sì lè wà níwájú awakọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó sì wọ oko àti abúlé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, yangí àti iyanrìn lásán ni. Ó dunni púpọ̀ pé ní Àgbábù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbó tó múlé gbe Òkìtìpupa, ni ọ̀dà ti wà lábẹ́ ilẹ̀, tí àwọn òyìnbó sì ti ń gbẹ́ kànga wá a kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, síbẹ̀ tí àwọn ọ̀nà tó yí i ká kò jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà yangí yìí ní ìbàjẹ́ kan tí ó yẹ kí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀kì tó ṣeé yí mọ̀ dáadáa. Ṣọ́ọ̀kì ń dá táyà dúró nígbà tí ó bá ń lọ sókè, ó sì tún ń dá a dúró nígbà tí ó bá ń padà bọ̀ sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì oníbọ́tìnnì kan, ìpadàbọ̀ yìí ni bọ́tìnnì náà ń yí jù. Bí awakọ̀ bá yí i le jù, tí ó sì bọ́ sórí yangí tí ojú rẹ̀ ti di ebè wẹ́wẹ́ tó tẹ̀lé ara wọn, táyà kò ní tíì padà sí ipò rẹ̀ tán kí ebè kejì tó gbá a, ẹ̀kẹta yóò sì bá a lókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí ara ọkọ̀ yóò fi rì díẹ̀díẹ̀ tí yóò sì jókòó lórí rọ́bà ìdádúró tó wà ní òpin ẹsẹ̀. Awakọ̀ tí kò mọ̀dí rẹ̀ yóò rò pé ẹsẹ̀ náà ló rọ̀ jù, yóò sì tún yí i le sí i, nígbà tó jẹ́ pé títú u sílẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀.

Sísọ ọkọ̀ sílẹ̀ tún burú ju yíyí i le lọ. Nínú àwọn ẹsẹ̀ tí a lè gbé sókè sódò, òrùka irin tó ń yí lórí páìpù ṣọ́ọ̀kì ni ó ń pinnu gíga ọkọ̀, bí wọ́n bá sì sọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti fi wu ojú, àyè tí táyà ní láti rìn sókè ni ó sábà máa ń dínkù, abẹ́ ẹ́ńjìnnì yóò sì máa lu ilẹ̀ ní gbogbo bọ́ǹpù tí àwọn ará ìlú fi ń dín eré ọkọ̀ kù. Peugeot 504 ti fi hàn pé kò di dandan kí ọkọ̀ le bí òkúta kí ó tó lè sá eré. Ọkọ̀ yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje eré-ọkọ̀ Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1975 àti ní 1978, lórí ẹrọ̀fọ̀ àti òkúta tí ó ń fọ́ ọkọ̀ mìíràn. Sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, àyè tí táyà rẹ̀ ní láti rìn pọ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì ń kó gbogbo rẹ̀ níjàánu. Ìlànà yẹn ni ó bá ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mu jùlọ títí di òní.

Àwọn ẹsẹ̀ tó ń fi iná mànàmáná yí ara wọn náà wà. Cadillac gbé irú èyí tí lẹ́bú irin wà nínú ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ jáde ní 2002, tí òòfà sì ń mú ọ́ìlì náà ki tàbí ṣàn ní wàrà. Ó dára gan-an. Irú mìíràn ń fi sípíríǹgì afẹ́fẹ́ gbé ọkọ̀ dípò ti irin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tokunbo olówó ńlá tó ń lò ó ni wọ́n ti yọ tiwọn dànù nígbà tí rọ́bà rẹ̀ jò, tí wọ́n sì fi sípíríǹgì irin rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó lórí ohun tó ṣeé yí, kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ àwọn rọ́bà ìsopọ̀ tó ti gbó, bọ́ọ̀lù ìsopọ̀ tó ń ró, àti táyà tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, torí ṣọ́ọ̀kì kankan kò lè bo àbùkù wọn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó ra ṣọ́ọ̀kì tó ṣeé yí tí ó bá sípíríǹgì ọkọ̀ rẹ̀ mu, tàbí sípíríǹgì tó fi díẹ̀ le jù ú lọ, kí gíga ọkọ̀ sì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọ̀ jùlọ, kí ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún àti òsì bákan náà, kí ó sì kọ iye tó yí sílẹ̀. Ó lè yí i le díẹ̀ nígbà tí ó bá ń lọ sí òpópónà Orè sí Bìní, ṣùgbọ́n kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin ìrìnnà fi ṣe òpin eré ọkọ̀ àdáni lórí òpópónà márosẹ̀, òpópónà náà kì í sì í ṣe pápá eré fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ àlòkù tí a ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ni yóò rà, kí ó fi ọwọ́ tẹ irin ṣọ́ọ̀kì náà wọlé, kí ó sì wo bí ó ṣe ń jáde: èyí tí ọ́ìlì bá ti tọ́ sí lára, tàbí tó bá ń fò níbi kan tó sì ń há níbòmíràn, kí ó dá a padà fún ẹni tó ń tà á.