Kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ ọkọ̀: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ irin sitabiláísà jù nù o!

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mu. Ariwo kékeré tí a kò kà sí lábẹ́ ọkọ̀ lè di ohun tí yóò lé oorun lójú gbogbo ẹbí.

Ní Ìkọ̀yà, ìlú Abodi, nítòsí Òkìtìpupa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Epo pupa, púpurú àti irè oko ni wọ́n ń kó lọ sí ọjà, àwọn mìíràn a sì gba Ọ̀rẹ̀ bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Benin. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títì dídán ní òkè òkun ló wá ń fò láti inú kòtò kan sí òmíràn.

Nígbà tó bá yá, ọkọ̀ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́. Awakọ̀ a gbé e tọ mẹkáníìkì lọ, a ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù." Mẹkáníìkì a wọ abẹ́ ọkọ̀, a ní línkéèjì sitabiláísà ló ti jẹ. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, èsì tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ ọ́ ná, ọkọ̀ á ṣì máa rìn." Òótọ́ ni, ọkọ̀ á rìn. Ariwo náà á sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ewu tó kù níbẹ̀ kì í pariwo.

Kí ni sitabiláísà yìí gan-an? Irin gbọọrọ kan ni, tó dábùú abẹ́ ọkọ̀ láti ọ̀tún dé òsì, tí orí rẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀ bí apá. Rọ́bà méjì ló dì í mọ́ abẹ́ ọkọ̀, línkéèjì méjì ló sì so ó pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ táyà lọ́tùn-ún lósì. Láti ọdún 1919 ni ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà kan, Stephen Coleman, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú irin bẹ́ẹ̀. Bí táyà méjèèjì bá jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, irin náà kàn ń yí nínú rọ́bà rẹ̀ ni, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, tí ara rẹ̀ fẹ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, dandan ni kí irin náà lọ́ bí aṣọ tútù tí a ń fún. Nítorí pé irin kò fẹ́ lọ́, ńṣe ló máa ń fa ara ọkọ̀ padà kí ó má baà fì jù.

Ẹ wá ro ti ọkọ̀ Sienna tó kó èrò kún inú, tí wọ́n tún di ẹrù sí orí rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ṣàdédé yà fún kòtò, tó sì tún tètè yí sítíárìn padà, ẹrù òkè á fa ọkọ̀ sí ọ̀tún, á tún fà á sí òsì. Ibi tí irin yìí ti wúlò jù lọ nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni kì í sì í sí lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.

Àwọn kan wà tí tiwọn yàtọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn dúró ṣinṣin ní kọ́nà a máa ra irin tó ki ju èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni pé bí irin náà bá fi díẹ̀ ki sí i, líle rẹ̀ a pọ̀ gan-an. Bí a bá yọ èyí tó jẹ́ mìlímítà 22, tí a fi ti mìlímítà 24 sí i, líle rẹ̀ á fi bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Irú àwọn irin mìíràn tún ní ihò méjì tàbí mẹ́ta ní apá wọn, tí a fi ń ṣètò wọn. Ẹni tó bá ti tú nọ́ọ̀tì táyà rí yóò tètè lóye rẹ̀. Bí a bá di ìparí sípánà gígùn mú, agbára díẹ̀ la ó lò. Bí a bá dì í mú nítòsí nọ́ọ̀tì, a ó làágùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀. Bí línkéèjì bá wà ní ihò tó jìnnà jù lọ ní ìparí apá, irin á rọ̀. Bí a bá sún un wọ inú, irin á le.

Líle tó pọ̀ jù náà kò dára. Bí ti iwájú bá le jù, ọkọ̀ á máa fẹ́ lọ tààrà nígbà tí awakọ̀ ń yí sítíárìn. Bí ti ẹ̀yìn bá le jù, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ yọ̀ lọ, pàápàá nígbà òjò. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ihò tó rọ̀ jù lọ, kí ihò ọ̀tún àti ti òsì bára mu, kí a sì sún un ní ihò kan ṣoṣo kí a tó dán an wò ní ọ̀nà tí kò sí èrò. Orí ilẹ̀ ni kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà kí a tó fún nọ́ọ̀tì línkéèjì pinpin. Kí a tún yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún lósì, kí a rí i dájú pé irin náà kò kan táyà tàbí páìpù bíréékì.

Fún ọ̀nà oko, irin líle kò wúlò rárá. Bí táyà kan bá bọ́ sí kòtò, irin líle á gbé ìjì náà dé ọ̀dọ̀ èkejì. Kódà, ọkọ̀ Jeep Wrangler Rubicon láti ọdún 2007 ní bọ́tìnì tí awakọ̀ fi ń tú irin iwájú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àti àpáta. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wà ní títú bí ó bá dé orí títì tí eré sì pọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ní Ìkọ̀yà, kò pọn dandan kí wọ́n ra irin tó ki. Ohun tó yẹ wọ́n ni kí èyí tó bá ọkọ̀ wá pé pérépéré. Bí línkéèjì kan bá jẹ, kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì wo rọ́bà rẹ̀ bóyá ó ti là. Kí wọ́n má fi gírísì lásán pa rọ́bà náà, nítorí epo inú gírísì máa ń ba rọ́bà jẹ́. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ tú u, kí ó fi jáàkì gbé táyà iwájú méjèèjì sókè, nítorí bí ó bá gbé ẹyọ kan, irin á ti lọ́, nọ́ọ̀tì kò sì ní fẹ́ jáde. Síbẹ̀, irin yìí kì í ṣe oògùn fún táyà tó ti jẹ, ṣọ́kì tó ti kú tàbí eré àsápajúdé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ló ra ọkọ̀ fún ọmọ wọn láti fi ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé owó tó ń wọlé nìkan ni wọ́n máa ń bèèrè ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ náà bá ti ilé mẹkáníìkì dé, tí ariwo rẹ̀ dákẹ́ lójijì, ẹ pe ọmọ náà jókòó, kí ẹ bi í léèrè pé: "Ṣé wọ́n tún un ṣe ni, àbí wọ́n yọ ọ́ jù nù?"