Àgbà Àjẹìwẹ̀yìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Baba, Àwo Ọbẹ̀ àti Ọmọ Tí Ń Dàgbà

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́njú tí kò mọ̀ ọ́n: "Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé." Lóde òní, ẹnu àwọn tí ń bá olóyè tàbí olóṣèlú wí ni a ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdí oúnjẹ ni a ti mú òwe náà wá. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti dá a padà sí ibi tí ó ti ṣẹ̀, èyí ni orí ẹní tí baba ń jókòó sí jẹun. Kí n ṣàlàyé bí a ti ń pín oúnjẹ ní ilé àwọn baba wa àti ìdí tí wọ́n fi ń pín in bẹ́ẹ̀. Kí n sì fi hàn pé ìpín náà ń pa àwọn ọmọ wa lára nísinsìnyí bí a bá fi í sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ìtumọ̀ òwe náà

À-jẹ-ì-wo-ẹ̀yìn ni ó di àjẹìwẹ̀yìn: kí ènìyàn máa jẹun láì bojú wẹ̀yìn. Ta ni ó wà lẹ́yìn? Ọmọdé ni. Bí a bá gbé oúnjẹ fún baba, ọmọ kan ni yóò bu omi ìfọwọ́ wá. Òun náà ni yóò sì dúró títí baba yóò fi jẹun tán, tí yóò kó igbá àti àwo kúrò. Ohunkóhun tí ó bá ṣẹ́ kù, ìbáà jẹ́ òkèlè díẹ̀, ìbáà jẹ́ orí ẹja tàbí egungun tí ẹran wà lára rẹ̀, ti ọmọ náà ni. Baba tí ó bá lá àwo mọ́ féfé lónìí, bí ó bá pe ọmọ lọ́la kò ní í rí ẹni dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé igbá rẹ̀.

Ẹ̀yìn sì ní ìtumọ̀ kejì. Ẹ̀yìn ni ibi tí ọmọ dúró sí. Ẹ̀yìn ọ̀la náà ni ọjọ́ tí ó ti rẹ àgbà, tí ó ń wá ẹni tí yóò bá a gbé ẹrù. Nítorí náà, òfin ilé ni òwe yìí. Ó gbà pé baba ni yóò kọ́kọ́ jẹun, ó gbà pé ìpín rẹ̀ ni yóò tóbi jù, ṣùgbọ́n ó so májẹ̀mú mọ́ ẹ̀tọ́ náà: baba kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ tán.

Bí a ti ń pèsè àti bí a ti ń pín

Kì í ṣe gbogbo ìlú ni àṣà rẹ̀ rí bákan náà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, baba ni ó ń mú oúnjẹ líle wá láti oko: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti èlùbọ́. Ìyàwó ni ó ń fi èrè ọjà rẹ̀ wá ata, iyọ̀, irú, ẹ̀fọ́ àti ọ̀pọ̀ ohun mìíràn tí ń mú ọbẹ̀ dùn. Níbi tí ìyàwó bá ti ju ẹyọ kan lọ, oníkálukú a máa se oúnjẹ baálé nígbà tí ó bá kàn án, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Adùn ẹnu baba ni ó ń darí ìkòkò. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é.

Ọmọkùnrin tí ó bá ti mọ ọwọ́ wẹ̀ lè bá baba jẹun. Ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Iwájú ara rẹ̀ nìkan ni yóò ti máa bu òkèlè. Kò gbọdọ̀ wo ẹnu àgbà. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹran títí baba yóò fi pín in. Bí a bá sì ń pín in, ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ mú, àbúrò ni yóò mú kẹ́yìn, ìyẹn ni pé èyí tí ó kéré jù nínú ẹran ni yóò bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó kéré jù nínú ilé.

Ìdí mẹ́ta ni mo rí tí a fi ń pín in bẹ́ẹ̀. Èkíní ni iṣẹ́: baba ni ó ń kọ ebè, bí agbára rẹ̀ bá sì dínkù, gbogbo ilé ni ebi yóò pa. Èkejì ni ọ̀wọ́n ẹran. Eṣinṣin kan wà nínú igbó kìjikìji ilẹ̀ wa tí ń kó àrùn ran màlúù, nítorí náà màlúù kò pọ̀ níbẹ̀, láti òkè ọya ni a ti ń dà á wá. Adìẹ àti ewúrẹ́ ilé sì jẹ́ ohun tí à ń pa mọ́ de ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ìnáwó. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ ìwà. Àwọn àgbà a máa sọ pé bí a bá fi ẹran tàbí ẹyin kẹ́ ọmọ, olè ni yóò dà. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọmọ tí a bá fi ohun tí apá ilé kò ká lójoojúmọ́ mọ́ lára, ìta ni yóò ti lọ wá a ní ọjọ́ tí kò bá sí nílé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi

Nígbà tí mo wà lókè òkun nídìí ẹ̀kọ́ dókítà mi, èmi ni mo ń se oúnjẹ alẹ́, nítorí pé ìyàwó mi ń ti ibi iṣẹ́ dé lẹ́yìn mi. Ẹni tí ó bá ń se ọbẹ̀ ni ó mọ iye ẹran tí ó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi ń pín in, ọmọ wa kan ṣoṣo ìgbà náà sì ń rí ìpín tirẹ̀ gbà. Nígbà tí a padà dé, tí ọmọ di mẹ́ta, tí ìyá mi sì wá bá wa gbé, mo tún di ẹni tí à ń gbé oúnjẹ fún. N kò tilẹ̀ fura pé ohunkóhun yí padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún wo àwo mi, ó sì bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin náà ṣì ń dàgbà ni? Kí ló dé tí ẹran yín tóbi ju tèmi lọ?"

Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti dá sí i: "Má dá a lóhùn, ọkọ mi. Ọmọ kì í wo àwo baba rẹ̀. Ẹran kọ́ ni à ń fi tọ́ ọmọ."

Mo bi ìyá mi léèrè pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, Màámi, kí ni ẹ ń jẹ nígbà tí ẹ wà ní ọmọdé?" Wọ́n ní ìṣẹ́ ẹran tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ ni bàbá wọn ń fún wọn, bí ó bá tilẹ̀ kù. Nígbà tí a tún jókòó pẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ohun mìíràn: ìgbín tí wọ́n ń ṣà lẹ́yìn òjò ní abúlé kòkó bàbá wọn, òkété tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ń gbẹ́ láti inú ihò, ìrẹ̀ tí wọ́n ń sun nínú eérú, èsunsun tí ń fò sí ìdí àtùpà, akàn etí odò, àti iṣu sísun tí bàbá wọn ń fi epo sí fún gbogbo wọn ní ọ̀sán, tí kò sì sí àgbà tàbí ọmọdé nídìí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àwa kì í ka ìwọ̀nyẹn sí ẹran."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó là mí lójú. Ẹni tí ó bá wo àwo ọbẹ̀ alẹ́ nìkan yóò rò pé àwọn baba wa ń fi ebi pa ọmọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwo ilé kéré fún ọmọ nítorí pé oko ń fi kún un. Òfin méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀: ọ̀kan ní ilé, tí ó fi baba ṣáájú, ọ̀kan ní oko, tí ó fi ohun tí ọmọ bá rí lé e lọ́wọ́.

Ohun tí ó yí padà

Oko ti kúrò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wa. Owó kòkó ti kọ́kọ́ mú kí a máa ra oúnjẹ tí a ti ń gbìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù January 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ire ńlá ni ó sì jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń jókòó ní kíláàsì ní ọ̀sán kò sí ní ìdí iṣu sísun baba rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìlú ńlá dé, tí baba di olówó oṣù, tí gàrí sì di ààbò gbogbo ilé nítorí pé kò wọ́n tó iṣu. Òfin oko ti parẹ́, òfin ilé nìkan ni ó kù. Baba tí kò kọ ebè kan láti àárọ̀ ṣì ń jẹ ìpín ẹni tí ó kọ igba ebè.

Àwọn oníṣègùn ti rí àbájáde irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lára ọmọdé láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí ó di Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ń mú ẹsẹ̀ ọmọ wú, tí ń mú irun rẹ̀ pọ́n, tí ara rẹ̀ sì ń bó. Ní 1935 ó pè é ní kwashiorkor, orúkọ tí ó gbà lẹ́nu àwọn ará Gã. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tí ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí a bá bí àbúrò. A gba ọmú lẹ́nu ọmọ, a fi ògì tàbí ẹ̀gẹ́ lásán rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà nínú àwo rẹ̀. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, David Morley ṣiṣẹ́ ní Iléṣà láti 1956 sí 1961, ó sì tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ń wọn ọmọ, ó ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ó sì ń fi káàdì náà sí ọwọ́ ìyá, kí ilé lè rí i bí ìlà náà kò bá gòkè mọ́, kí àìsàn tó hàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn. Ìwádìí tí Àjọ Ìkànìyàn Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé 37 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n kúrú ju bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Ti ìhà tiwa kò pọ̀ tó ti òkè ọya, ṣùgbọ́n ó wà.

Ohun tí ó yẹ kí baba mọ̀

Èròjà tí ń kọ́ ara ọmọ ni pùrótéìnì. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò tó gíráàmù 13 lójúmọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ nílò tó 19. Ẹyin kan ní bí 6. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀wà tútù tí a kò tíì sè ní ju 20 lọ. Iye gàrí kan náà kò ní ju bí 1 tàbí díẹ̀ lé e lọ. Ẹ rí i pé ọmọ lè yó fún ẹ̀bà, kí ikùn rẹ̀ yọ síta, kí ara rẹ̀ sì máa kígbe ebi. Ògì pẹ̀lú ní àbùkù tirẹ̀: bí a bá ti sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú oore àgbàdo ti bá èérí lọ, èyí tí à ń dà fún ẹran ọ̀sìn. Ó yẹ kí a fi wàrà, ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sóyà tí a lọ̀ kún un.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹran màlúù nìkan ni mo ń sọ. Mọ́ínmọ́ín, àkàrà, gbẹ̀gìrì, edé àti ẹja gbígbẹ ni ìgbín àti ìrẹ̀ ọmọ ìgboro. Ṣùgbọ́n baba ni ó yẹ kí ó béèrè wọn, nítorí pé adùn ẹnu rẹ̀ ṣì ni ó ń darí ìkòkò ní ọ̀pọ̀ ilé. Bí baba kò bá jẹ ẹ̀wà, a kì í sábà sè é. Kí ó fi owó oúnjẹ lélẹ̀ kò tó. Ó yẹ kí ó mọ iye tí kóńgò ẹ̀wà kan jẹ́ lọ́jà, kí ó sì mọ ohun tí ó dé àwo ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

N kò sọ pé kí a da àṣà nù. Ọmọ tí kò lè dúró de àgbà nídìí oúnjẹ yóò ṣòro láti bá gbé. Kí ó fọ ọwọ́, kí ó jẹ níwájú ara rẹ̀, kí ó dúró kí a pín in. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí ó ń dúró dè gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ilé tèmi, ìyá mi ni ó ń pín ẹran nísinsìnyí. Ọwọ́ ọmọ tí ó kéré jù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì ń mú kẹ́yìn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n kọ́kọ́ wo ojú mi bóyá mo bínú.

Àwọn baba wa kò jẹ àjẹìwẹ̀yìn. Oko ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn fún ọmọ. Àwa tí a kò ní oko mọ́, inú àwo wa ni ẹ̀yìn wà. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọmọ tí yóò bá wa gbé igbá, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti ṣẹ́ nǹkan kù sínú rẹ̀.