Ìyàngbò Ìrẹsì Kì í Ṣe Ohun Ìdànù

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé igi ìdáná kò lè tán láéláé. Ìrírí àwọn ará Maiduguri, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó sá kúrò ní abúlé wọn wọ ìlú náà, gbogbo wọn ni ó sì gbọ́dọ̀ dáná. Igi etí ìlú dínkù, ó sì di dandan fún àwọn obìnrin láti rìn jìnnà sínú igbó, níbi tí a ti pa àwọn kan, tí a sì jí àwọn mìíràn gbé.

Síbẹ̀, ohun ìdáná mìíràn wà nítòsí. Ní Jere àti Zabarmari, lẹ́bàá Maiduguri, àwọn àgbẹ̀ a máa gbin ìrẹsì. Bí a bá lọ 100 kílò ìrẹsì eléèpo, nǹkan bí 20 kílò rẹ̀ ni yóò jẹ́ ìyàngbò. Èèpo ẹ̀pà náà tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ooru inú ìyàngbò dín díẹ̀ péré sí ti igi gbígbẹ.

Ó lè tan iná mànàmáná pẹ̀lú

Ní Kaolack, ní ilẹ̀ Senegal, èèpo ẹ̀pà ni ilé iṣẹ́ òróró ń sun láti fi se omi. Agbára ooru omi náà ni ó ń yí ẹ̀rọ. Ní Bihar, ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé iṣẹ́ Husk Power Systems bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyàngbò ìrẹsì tan iná fún àwọn abúlé ní ọdún 2007. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ní oṣù kìíní ọdún 2021 ni a fi àdó olóró wó òpó iná tí ó wọ Maiduguri, tí òkùnkùn sì bo ìlú náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju agbára àgbẹ̀ kan lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó lè rà á.

Bí a ṣe lè ṣe é nílé

Ẹ kó èèpo gbígbẹ sínú àgbá irin, ẹ tiná bọ̀ ọ́, kí ẹ sì dé e kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé púpọ̀. Nígbà tí ó bá dúdú tán, ẹ wọ́n omi sí i kí ó tó di eérú. Ẹ gún un, kí ẹ sì fi sítáàṣì gbágùúdá tí a ti fi omi gbígbóná rò pò ó: kílò kan sítáàṣì tó fún nǹkan bí 10 kílò èédú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú agolo, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì sá a títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ẹ sì ti máa sun ún. Èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn nínú yàrá tí a sé pa.

Èyí tí kò yẹ kí a sun

Ẹ má ṣe sun ewé ẹ̀pà, ewé ẹ̀wà tàbí èèpo gbágùúdá. Oúnjẹ ẹran ni wọ́n. Ẹ fi pòròpórò sílẹ̀ lóko kí ó dáàbò bo ilẹ̀. Ẹ dá eérú padà sí oko.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ìrẹsì Ọ̀fàdà, òkìtì ìyàngbò tí a ń finá sí lẹ́yìn ilé ìlọrẹsì tó láti fi se ìrẹsì eléèpo kí a tó sá a. Ẹ bá onílé ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kí ìkórè tó dé. Kí igbó wa tó tán ni kí a ti kọ́gbọ́n.